Rédíétọ̀ tí Pọ́ǹpù Dí Lẹ́nu

Ẹ́ńjìnnì náà ti jókòó síbi tó yẹ kó jókòó sí. Jẹ́jẹ́ ti jó irin tó máa gbé e dúró, ó ti gé ibi tó yẹ kó gé, ó ti wá bẹ́líìtì tó bá a mu, gbogbo rẹ̀ sì wọlé wẹ́rẹ́ bí ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́. Rédíétọ̀ nìkan ló kù. Rédíétọ̀ yìí ló wá sọ mẹkáníìkì tí kì í fiṣẹ́ ṣeré di ẹni tó ń rìn yí ọkọ̀ ká, tó ń fi àkísà nu ohun tí kò dọ̀tí.

Orúkọ ìnagijẹ ni Jẹ́jẹ́. Àwọn awakọ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí bó o bá gbé ọkọ̀ fún un láàárọ̀ tó o wá ń retí rẹ̀ nírọ̀lẹ́, o ò tíì mọ ẹni tó o gbé iṣẹ́ fún ni. Ọkọ̀ akẹ́rù tó wà níwájú rẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni ín kó tó kú. Ọkọ̀ àtijọ́ gidi ni. Imú rẹ̀ gùn síwájú, iná rẹ̀ méjèèjì yọ síta bí ojú ọ̀pọ̀lọ́, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wúwo débi pé àfi kéèyàn fi èjìká tì í. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wà á báyìí. Obìnrin náà ti gba iṣẹ́ kíkó bíríkì lọ sórí òkè níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé tuntun, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ò sì lè gun òkè yẹn mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ńlá kan fún un.

Ẹ́ńjìnnì ńlá, ooru ńlá. Rédíétọ̀ kékeré tó bá ọkọ̀ wá látilẹ̀ ò lè tù ú lára.

Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ gbé tuntun wá, èyí tó ń dán yinrin tó sì fúyẹ́ bí páálí. Ó fẹ̀ ju àyè tó wà lọ. Kó tó lè wọlé, àfi kí wọ́n gé irin tó di imú ọkọ̀ mú, ẹni tó bá sì gé irin yẹn ti ba ọkọ̀ jẹ́ pátápátá. Ó dá a padà. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń tú ògbólógbòó ọkọ̀, ó yọ òmíràn níbẹ̀. Ìyẹn wọlé, àmọ́ ó fẹ́lẹ́, ọ̀nà tí omi ń gbà nínú rẹ̀ ò pọ̀. Nígbà tí òun àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi dán òkè wò láìkó ẹyọ bíríkì kan, wọn ò tíì dé ààbọ̀ ọ̀nà tí omi fi ń hó, tí èéfín funfun bo gíláàsì iwájú. Obìnrin náà ní láti jẹ́ kí ọkọ̀ máa fẹ̀yìn yọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì mí títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀.

"Ọkọ mi," ó wí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí sítiárì, "tó bá jẹ́ pé bíríkì wà lẹ́yìn wa ńkọ́?"

Ọkọ mi ló máa ń pè é, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ. Jẹ́jẹ́ náà á máa dáhùn pé, "Ìyàwó tí kì í bù fún mi jẹ," wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, Jẹ́jẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó lọ ṣí imú ọkọ̀. Ó mọ̀ pé rédíétọ̀ kan wà tó bá ọkọ̀ náà mu rẹ́gí. Ó ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ara ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ṣe é. Iṣẹ́ rédíétọ̀ lọkùnrin náà ń ṣe nígbà ayé rẹ̀, Pọ́ǹpù làwọn èèyàn sì ń pè é. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí ó fi àáké kọ́rí pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi pọ́ǹpù dán rédíétọ̀ wò lójú òun. Ẹnu ló fi ń fẹ́ ẹ. Á dí ihò kan, á fẹ́ èémí sínú ìkejì títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fi wú, á wá fi igi tó fi rọ́bà wé dí i gbọn-in. Ọjọ́ kejì ló máa ń ṣí i. Bí èémí bá tú sí i lójú, iṣẹ́ ti dára nìyẹn. Bí kò bá sí nǹkan, á jẹ́ pé ó ń jò. Ẹni tó fẹ́ ẹ náà ló sì gbọ́dọ̀ ṣí i, torí òun ló mọ bí èémí tó kó sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Òfin ṣọ́ọ̀bù ni, wọn kì í rú u.

Rédíétọ̀ oníbàbà yìí ló ṣe kẹ́yìn. Òun náà ti ń ronú láti wá ẹ́ńjìnnì ńlá fún ọkọ̀ rẹ̀ nígbà yẹn. Àyà ti ń dùn ún. Ó fẹ́ ẹ, ó dí i, ó wá jókòó sórí taya, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Èmi ni n ó ṣí i lọ́la," ó wí fún àbúrò rẹ̀. "Má fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé o."

Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò dé.

Jẹ́jẹ́ ò sì fọwọ́ kàn án. Ọdún gorí ọdún, rédíétọ̀ wà lára ògiri, ẹnu rẹ̀ méjèèjì ní dídí. Láràárọ̀, kó tó mú sípánà, á kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, bọ̀dá mi." Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èémí ẹ̀gbọ́n òun ṣì wà nínú ibẹ̀. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó kù lára ọkùnrin náà láyé nìyẹn, bí wọ́n bá sì ṣí i, ó tán.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò sọ. Bàbà yẹ kó tutù, pàápàá nínú òjìji ṣọ́ọ̀bù. Èyí kì í tutù. Bó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ẹni tó sùn. Eruku tó ń bo gbogbo nǹkan yòókù kì í bà lé e. Láti ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì ńlá sì ti wọlé ló ti ń dún. Kì í ṣe ariwo. Á dún kẹ́, á dákẹ́ pẹ́, á tún dún kẹ́.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ti ìdí òkè náà dé, Jẹ́jẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kò ní í ṣí i. Ó kàn fẹ́ rì í bọ omi kó lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Ká sọ òótọ́, ó ń gbàdúrà kó máa jò, kó lè sọ pé kò wúlò, kó sì gbé e padà sára ògiri. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, ẹnì kan ń lu irin lójúlé kejì. Ó tì í wọ inú àgbá omi.

Ìfófòó kankan ò jáde. Kò jò rárá. Ìgbà yẹn ló wá rí i pé omi ń mì. Ó ń ti ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ mì wá sí etí àgbá, á dúró, á tún mì. Jẹ́jẹ́ yọ ọwọ́ méjèèjì kúrò. Omi ò ṣíwọ́. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Láìmọ̀, ó ti ń bá a mí. Nígbà tí omi bá dúró, òun náà á di èémí mú kí wọ́n lè jọ dọ́gba, àmọ́ ìdúró náà gùn jù, àyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ kí omi tó tún mì.

"Ta ló wà níbẹ̀?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi ló ń wò. Kò bi í pé kí ló wà níbẹ̀. Ta ló wà níbẹ̀ ló sọ.

Jẹ́jẹ́ ò lè purọ́ fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó rìn wá sídìí àgbá omi náà.

"Àtìgbà yẹn," ó wí, "lẹ ti fi ọkọ mi kọ́ ara ògiri?"

"Ó ní kí n má fọwọ́ kàn án títí òun á fi dé."

"Kò ní í dé mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀, ọkọ mi. Ká ní ẹ mọ̀ ni, ẹ ò ní í máa kí i."

"Ẹ jẹ́ n tún wá òmíràn. Mo bẹ̀ yín. Mo máa rí òmíràn tó bá a mu."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bíríkì mọ́," ó wí. Ó ki apá bọ inú omi, ó bá a gbé rédíétọ̀ sórí tábìlì, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ojú rẹ̀ yí padà. Kò gbé ọwọ́ náà kúrò. "Ẹ ṣí i."

Rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ igi, igi ti lẹ̀ mọ́ bàbà. Jẹ́jẹ́ fi ẹ̀mú mú un, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ó gbé ẹnu rẹ̀ sún mọ́ ihò náà. Ó ti pinnu pé bó bá tú jáde, òun á fà á símú, kò ní í ṣòfò, á wà nínú òun. Èdídí náà yọ.

Nǹkan kan ò jáde.

Lẹ́yìn náà ni rédíétọ̀ mí sínú. Ó fa afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ohùn híha, ó gùn, ó ń gbọ̀n, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orí sókè látinú odò. Ó gba èémí tó wà lẹ́nu Jẹ́jẹ́ lọ. Etí gèlè obìnrin náà tẹ̀ sápá ihò, eruku orí tábìlì sáré lọ síbẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró, títí Jẹ́jẹ́ fi rò pé gbogbo afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ló máa gbà tán. Ó wá dúró. Ó mí jáde lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bàbà náà tutù lábẹ́ ọwọ́ wọn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀mú bọ́ lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Kò sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àmọ́ ó sunkún wàyí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín òróró. Obìnrin náà jókòó tì í.

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí àìsàn náà wọra," ó wí. "Ó máa ń di èémí mú kó má baà wúkọ́ lójú àwọn ọmọ. Ojú rẹ̀ á pọ́n, ara rẹ̀ á gbóná, á ṣì máa rẹ́rìn-ín sí wọn. Ìgbà tí wọ́n bá jáde tán ló tó máa ń mí. Ó ti mí báyìí, ọkọ mi, ẹ gbé e sínú ọkọ̀."