Abo Ẹfọ̀n Tó Kọ Akọ

"Wọ́n ní látìgbà tí ìyàwó yẹn ti dé... abo kan ò... ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn nínú ilé nìyẹn. Bí Ìyàwó bá ti yọ, kálukú á panu mọ́. Ó kúkú gbọ́. Wọ́n ní òun ló ń fi nǹkan sínú omi tó ń dà sára àwọn ẹfọ̀n tí wọ́n ń fún wàrà wọn, tí ìkankan nínú wọn ò fi gba akọ mọ́. Wọ́n ní ìyá ọkọ rẹ̀ gan-an ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ojú ń ti ọkọ rẹ̀ láti bi ìyá léèrè, ló bá kúkú ní kí Ìyàwó má dé ilé ẹfọ̀n mọ́ láti ọ̀la. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ẹfọ̀n niṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ láyé ẹ̀.

Ìfura loògùn àgbà. Àwọn ará ilé yìí ti mu oògùn náà yó. Ìyàwó náà bá wọn mu díẹ̀. Ta ló gbé ọ̀rọ̀ jáde? Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ń pè ní Eyínfúnjowó, ló máa ń bá Màmá, ìyá wọn, jókòó nírọ̀lẹ́. Ẹ̀rín ẹ̀ pàápàá ti wá dà bí ẹni tó fi nǹkan pamọ́.

"Eyínfúnjowó, ṣé kò sí?"

"Kí ló fẹ́ wà? Àbí o tún ti po nǹkan ni?"

Ìyàwó gbé garawa sílẹ̀, ó di yàrá ìyá ọkọ. Eyínfúnjowó sáré tẹ̀lé e. Ọkọ wà níbẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀ nítorí ooru, ó ń làágùn.

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ pé ẹ sọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín."

Màmá yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin. "Ibo lo bá ọ̀rọ̀ mi dé tí o fi gbé e síta?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìkan ni mo gbé jáde, Màmá."

"Ẹnu tó jẹ ìdajì á pọ ìyókù jáde. Sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́."

Eyínfúnjowó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

"Ẹ ní, 'Látìgbà tí ìyàwó yẹn ti dé, abo kan ò gba akọ. Àṣìṣe tiwa ni, inú ooru la gbé e wọlé. Ọdọọdún ni ẹfọ̀n máa ń kọ akọ tí ọ̀sán bá gùn tílẹ̀ sì gbóná. Omi tí ìyàwó ń dà sí wọn lára ló ń tù wọ́n. Kódà tí wọ́n bá fẹ́ akọ, ìdájí ni, wọn kì í ké. Ẹni tó bá ń sùn ò lè mọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sán kúrú ná, kẹ́ ẹ tó bá ọmọ ọlọ́mọ wíjọ́.'"