Ojúde Wa Kì Í Ṣe Ilẹ̀ Òfo

Ẹni tó bá pe ojúde agbo ilé wa ní Kémta ní ilẹ̀ òfo, ẹ bá mi bi í bóyá ojú ń dùn ún. Ibẹ̀ la ti ń so yìgì, ibẹ̀ la ti ń parí ìjà, ibẹ̀ lèmi Bàrákátù sì ń sá àdìrẹ mi láti ìgbà tí mo ti ń rẹ aró.

Ẹ̀gbọ́n mi, Alájì Jùbrílù, olórí ẹbí wa, ló fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó pè wá jọ láti fi tó wa létí ni, kì í ṣe láti gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Haleemah ọmọ mi, tó jẹ́ tíṣà ìtàn, kúnlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. "Bàbá, àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ pàápàá ní ojúde ìlú. Ilé òrìṣà wọn á wà lápá kan, ilé ẹjọ́ lápá kan, ọjà á wà nítòsí, wọ́n á sì fi àárín sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo ìlú lè péjọ. Ní Pòńpéì, ìlú wọn kan, òkúta ni wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ akẹ́rù má baà wọbẹ̀."

"Àwọn ará Róòmù ti kú," ni Alájì wí.

"Àwa ò tíì kú!" Ìbínú ti gùn mí.

Lọ́jọ́ tí tipa kó búlọ́ọ̀kù dé, àwa aláró ti fi ìkòkò aró wa dí ẹnu ọ̀nà. Òkúta tiwa nìyẹn. A tẹ́ àdìrẹ tútù bo gbogbo ilẹ̀. Ògúnwọlé tó wa tipa wò ó, ó pa ẹ́ńjìnnì.

"Alájì, aláró ni ìyá tó bí mi. Ẹ má bínú, mi ò lè gun aṣọ tútù."

"Bàrákátù, kó aṣọ ẹ!"

"Ẹ wá kó o fúnra yín, Bọ̀dá mi."

Alájì bọ́ bàtà, torí ọmọ aláró lòun náà. Ó ń gba àárín àwọn aṣọ bọ̀, títí ó fi kan aṣọ funfun kan ṣoṣo tí mi ò rẹ láró. Ó dúró. Ojú ibẹ̀ gan-an la tẹ́ òkú bàbá wa sí, tí a kírun sí i lára, tí òun Alájì sì sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí ẹ̀," mo ní. "Lọ́jọ́ tiyín, iwájú ìsọ̀ ta ni ká tẹ́ yín sí?"

A kì í sọ irú ẹ̀ fún àgbà. Mo mọ̀, mo sì sọ ọ́.

Alájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na igun aṣọ funfun náà tí atẹ́gùn ti ṣẹ́ po, ó sì ké sí Ògúnwọlé pé kó yí ọkọ̀ rẹ̀ padà.