Kéèkì Àwọn Ará Ọ̀sán

"Gbàn-ín!" Bí ìdérí agolo ṣúgà ìyá rẹ̀ ṣe máa ń dún láyé ọjọ́un nìyẹn, bó ti wù kí ọwọ́ ọmọ tó ń ṣí i fúyẹ́ tó. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí. Àmọ́ nígbà tí Bàbá Fáìlì, àgbà tó ń tọ́jú fáìlì wọn, ṣí agolo tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì lánàá, ìró yẹn gan-an ló gbọ́, àyà rẹ̀ sì já bíi ti ọmọ ọdún méje.

Kéèkì mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ìyá Ìkókó, atẹ̀wé wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsinmi ìbímọ dé, ló yan án. Ó ti pín ti àwọn ará òwúrọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ títí di aago méjì, ó wá fi bébà pupa wé ti àwọn ará ọ̀sán dè wọ́n. Bàbá Fáìlì ti jẹ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà àti ìyàwó rẹ̀ ti lé ṣúgà kúrò nínú ilé pátápátá, ọ̀nà ọ̀fun sì ni ọ̀nà ọ̀run. Ẹyọ kan pe èjì, èjì pe ẹ̀ta. Kó tó mira, agolo ti ṣófo. Ojú gbogbo ayé ni apẹ̀rẹ̀ ìdalẹ̀nù wà, ló bá ju àwọn bébà náà sínú garawa kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Garawa ìyá agbálẹ̀ ni.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀gá gbé garawa náà, tòun ti bébà pupa inú rẹ̀, ka orí tábìlì níwájú ìyá agbálẹ̀.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ ká pe èyí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n, ọ̀gá. Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi tí n óò fi jẹ kéèkì mẹ́rin?"

Akọ̀wé kan bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, kéèkì ò béèrè eyín o! Fúnra rẹ̀ ló ń wọlé lọ!"

"Ẹ ṣì máa lọ sílé ná," ni ọ̀gá wí. "A ó pè yín."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀: ẹni tí wọ́n bá ti ní àwọn ó pè, wọn kì í pè é mọ́.

Ìyá agbálẹ̀ bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, ó ká a jẹ́jẹ́. Nígbà tó ń kọjá lọ, ó dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Fáìlì.

"Bàbá wa, mo ti gbá èérún abẹ́ tábìlì yín o. Kí eèrà má baà dà bò yín."

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá Fáìlì jókòó gbagidi. Ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí ìyá wọn nà nítorí ṣúgà tí òun jẹ. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà tó ń gbọ́ igbe, kò sì lanu. Ẹ̀gbọ́n ti dolóògbé. Ẹ̀bẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.

Oṣù méjì ló kù kó fẹ̀yìn tì. Àgbà tó jí kéèkì! Wọn ó fi sọ̀rọ̀ títí. Ó mú fóònù, ó kọ ọ̀rọ̀ sórí WhatsApp gbogbo òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ó pa á rẹ́ kó tó fi ránṣẹ́. Ó tún kọ, ó tún pa á. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí aago kọjú sí méjì, tí ẹsẹ̀ àwọn ará ọ̀sán ń dún bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó fi ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Èmi ni mo jẹ kéèkì náà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọwọ́ mi ló ju bébà sínú garawa. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe màmá."