Ilé Tó Kún fún Ariwo

Faransé tí Ayọ̀dèjì gbọ́ kò kọjá bonjour àti ça va. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣiṣẹ́ ní èbúté Lomé, òun nìkan ló ń gbé inú yàrá kan ní Zanguéra lẹ́yìn ìlú náà, ẹnu rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dípẹtà. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá a sọ̀rọ̀ ni Barthélemy, tísà Gẹ̀ẹ́sì tí ilé rẹ̀ wà lódìkejì ọ̀nà. Lọ́jọ́ Sunday, tísà a máa pè é wá jẹun. Àwọn ọmọ a máa sáré kiri, wọn a jà, wọn a kọrin; ìyá wọn a máa yan ẹja lẹ́yìnkùlé.

Ayọ̀dèjì fẹ́ràn àtimáa fi Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá yẹ́ tísà sí. Lọ́jọ́ kan tó jẹun yó, ó ní, "Ilé yín noisome. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀."

Barthélemy kó àwo kúrò níwájú rẹ̀. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó pè é. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, bákan náà. Ayọ̀dèjì ń dá indomie sè, ó ń bá ìkòkò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó dúró de tísà lẹ́nu géètì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"O ní ilé wa ń rùn."

"Èmi kẹ̀?"

"Noisome. Ohun tó ń rùn, tó ń ríni lára, là ń pè bẹ́ẹ̀. Kò bá noise tan rárá. Ìyàwó mi bi mí léèrè ohun tó o sọ, mo sì sọ fún un. Ẹni tó ń yan ẹja, ibo ló fẹ́ gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn sí?"

Ojú ti Ayọ̀dèjì, ó gbá orí mú. "Ariwo ni mo ní lọ́kàn, ẹ̀gbọ́n. Ilé tó kún fún ariwo."

Barthélemy rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Màá ṣàlàyé fún un. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Sunday."

Ó lọ. Ìyàwó tísà kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó bu ẹja tó tóbi jù lọ fún un. Àmọ́ ṣe ni àwọn ọmọ jókòó tò sórí bẹ́ǹṣì bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àbíkẹ́yìn fẹ́ kọrin, ìyá rẹ̀ fi ìka lé ètè, ó sì fi ojú tọ́ka sí àlejò.

Ìgbà náà ló yé Ayọ̀dèjì. Obìnrin yìí gbọ́ pé ariwo ló ní lọ́kàn, ó sì rò pé ariwo ọmọ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kò gbọ́ Mina, èdè Lomé tí ìyá ọmọ ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì tó mọ̀ sì ti ń bà á lẹ́rù. Ó jẹun tán, ó fi ọ̀rọ̀ Mina kan ṣoṣo tó mọ̀ dúpẹ́, ó ní, "Akpé," ó dìde.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ tí ohùn àwọn ọmọ fi gba gbogbo àdúgbò kan. Ó dúró nínú yanrìn, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò tètè ṣílẹ̀kùn.