Ọmọ Tó Fìdí Rẹmi Náà Ń Wálé

Yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Àga mẹ́rin, tábìlì kan, páálí tíṣù lórí tábìlì. Kò sí ìyá ọmọ tó fẹ́ràn yàrá yẹn. Bí wọ́n bá ní ohun tó dáa láti sọ fún ọ, ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì ọmọ ni wọ́n ti máa ń sọ ọ́, wọn á sì máa rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ jókòó, o ti mọ̀.

Dókítà ní, "Màmá, Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ jókòó."

Mo wo páálí tíṣù. Tuntun ni. Ẹnì kan ti ya ẹnu rẹ̀, ó sì ti fa ọ̀kan jáde díẹ̀, kó lè yá mi lọ́wọ́ láti mú. Inú bí mi sí ẹni tó fà á. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan, inú ti ń bí mi.

Ọmọ wa obìnrin, gbogbo wọ́ọ̀dù ló ń pè é ní Lọ́yà, torí kò sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa fún un tí kò ní kọ́kọ́ da ìbéèrè bò wọ́n. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá a jà. Wọ́n fi oògùn lé e lọ, ó padà wá. Wọ́n fi oògùn tó le ju ti àkọ́kọ́ lé e, irun orí ọmọ tún re dànù, ó tún padà wá. Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ fún wa pé ìwádìí ìtọ́jú tuntun kan ń lọ. Wọn á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ kan, wọn á ṣa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń jagun nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, wọn á kó wọn lọ sí ilé-iṣẹ́ kan. Ibẹ̀ ni wọn á ti tún wọn dá, kí wọ́n lè dá jẹjẹrẹ mọ̀ níbi tó bá sá pamọ́ sí. Wọn á wá dá wọn padà sí ọmọ lára kí wọ́n lọ jà.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí àìsàn rẹ̀ kò bá tíì padà wá lẹ́ẹ̀mejì kò lè wọnú ìwádìí náà. Ìlànà ni. Ti Lọ́yà padà wá lẹ́ẹ̀mejì, ó kúnjú òṣùwọ̀n, a sì kí ara wa kú oríire. Ẹ gbọ́ o. A kí ara wa kú oríire.

Nígbà tí wọ́n kó àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lọ, Lọ́yà ní wọ́n ti lọ iléèwé. Láràárọ̀ á bi nọ́ọ̀sì, "Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Wọn ò tíì gba ọlidé?"

Nọ́ọ̀sì á ní wọ́n ṣì ń kàwé.

"Ìwé wo ni wọ́n ń kà tí kò tán?"

Nínú yàrá kékeré yẹn, Dókítà sọ fún wa pé àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ò yege. Kì í ṣe bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ó sọ ọ́ yí ká. Ó ní wọn ò pọ̀ tó, àwọn tó sì wà níbẹ̀, ó ti rẹ̀ wọ́n. Ó ní iye sẹ́ẹ̀lì kan wà tó gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì kọ̀ọ̀kan, tiwa kò tó o, inú fírísà ló wà, ilé-iṣẹ́ kò sì lè fi í sílẹ̀ fún wa.

"Kí ló fà á?" Ohùn mi kéré.

"Àwọn oògùn tó ti lò sẹ́yìn, Màmá. Wọ́n máa ń na àwọn sẹ́ẹ̀lì tó dáa náà. Bí ọmọ bá ti lò wọ́n pọ̀..."

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, o ò lè bá a jà. Bí mo bá pariwo, ṣé wọn ò ní máa sọ láàárín ara wọn pé ìyá eléyìí, oníjà ni? Aránṣọ ni mí, ìwé mi kò kọjá pámárì. Mo tẹjú mọ́ bàtà Dókítà. Okùn ọ̀kan ti tú. Okùn yẹn ni mò ń wò tí mi ò fi sunkún.

Ọkọ mi ti dìde ní tirẹ̀. "A dúpẹ́, Dókítà. Ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́."

A dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dì í mú lápá. "Kí lẹ ń dúpẹ́ fún?"

"Ìyá Lọ́yà, rọra."

"Wọ́n ní kò sí nǹkan tí wọ́n máa fún ọmọ yín mọ́, ẹ ní ẹ kú iṣẹ́!"

"Kí wá ni kí n ṣe? Kí n lù wọ́n? Awakọ̀ ni mí."

"Awakọ̀ kan náà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ya lù ú lójú títì, á bú onítọ̀hún dé orí ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ẹnu yẹn dà? Ṣé inú ọkọ̀ lẹ gbàgbé rẹ̀ sí ni?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò jẹ́. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ méjèèjì bojú. Àánú rẹ̀ ṣe mí, àmọ́ ìbínú ti gba gbogbo ibẹ̀, àánú kò ríbi jókòó. Mo fi í sílẹ̀.

Lọ́yà ti ń dúró dè mí lórí bẹ́ẹ̀dì. "Wọ́n ti dé?"

Mi ò ní irọ́ tí mo lè pa fún ọmọ yẹn tí kò ní tú u wò fínnífínní. "Wọ́n fìdí rẹmi," mo ní.

Ó fọwọ́ ra orí rẹ̀ tó ń dán, bí àgbàlagbà tó ń gbọ́ ẹjọ́. "Ṣé wọ́n wá pa wọ́n ni?"

"Rárá. Wọ́n wà nínú fírísà."

"Ta ló ni wọ́n?"

"Ìwọ ni."

"Ó dáa, kí wọ́n máa bọ̀. Màámi, ṣé ọmọ tó bá fìdí rẹmi, iléèwé ló máa ń sùn sí ni? Ọmọ tó fìdí rẹmi náà ń wálé. Wọ́n kàn máa bá a wí ni."

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

Dókítà wà ní ọ́fíìsì rẹ̀, òun pẹ̀lú ọkùnrin ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìwádìí náà, ẹni tó máa ń wá yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń tẹ̀lé ìlànà. Rúlà ni àwa ìyá ọmọ ń pè é lẹ́yìn. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo nǹkan ló sì fẹ́ kó wà lójú ìlà. Mo wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni. Ẹ̀yin lẹ ní... ẹ ní àfi kó kọ́kọ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó gbé e. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Ìlànà ni, Màmá," Rúlà ní.

"Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ gbé e. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ní kò lágbára. Ẹ ní kó ṣubú, ó ṣubú, ẹ tún ní ó ti ṣubú jù!" Ohùn mi ti gòkè. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó padà. "Ẹ kó ohun tó wà nínú fírísà yẹn fún wa. Ti ọmọ mi ni."

"Kò rọrùn bẹ́ẹ̀," Dókítà ní. Ohùn tirẹ̀ náà kò dúró dáadáa. "Wọ́n kéré, Màmá. Wọ́n lè má ṣiṣẹ́. Wọ́n sì tún lè dá ibà tó le sílẹ̀, kí wọ́n da ọpọlọ rẹ̀ rú, kó má sì rí ìwòsàn kankan níbẹ̀. Mi ò fẹ́ fìyà jẹ ẹ́ lásán."

"Bí ẹ ò bá fún un ńkọ́? Kí ló kù tẹ́ ẹ ní?"

Mo rí Dókítà tó wo Rúlà. Mo rí Rúlà tó wo ilẹ̀. Bí èèyàn bá ń sunkún, á ṣì máa ríran.

"Kí lẹ ń wo ara yín fún?"

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ọ̀nà kan wà. Wọ́n lè fi báàgì náà sílẹ̀ fún wa kó má jẹ́ ara ìwádìí mọ́, bí ilé-iṣẹ́ bá gbà, tí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn náà gbà. Ìgbìmọ̀ ti gbà. Ilé-iṣẹ́ ni kò tíì dáhùn. Mi ò sọ fún yín kẹ́ ẹ má baà máa retí lásán."

"Dókítà, ta ló fi yín ṣe ọdẹ tó ń ṣọ́ ìrètí mi?"

Ojú rẹ̀ wálẹ̀. Mo yíjú sí Rúlà. "Ẹ̀yin lẹ ò dáhùn?"

"Àwọn ọ̀gá mi ni. Màmá, ẹ gbọ́ mi yé. Bí a bá fún un, kò sí nínú ìwádìí mọ́. A ò ní kà á mọ́ àwọn tó gbà á."

"Bó bá yè, ẹ ò ní kà á?"

"A ò ní kà á."

"Bó bá kú?"

Ó fọwọ́ kan kọ́là rẹ̀. "Bákan náà."

"Ẹ̀yin ò fẹ́ kó kú sínú ìṣirò yín. Kó ṣáà lọ kú síbòmíràn."

Mo fa àga, mo jókòó. "Ẹ pe àwọn ọ̀gá yín. Mò ń gbọ́."

"Nísinsìnyí?"

"Ọ̀sán gangan nìyí. Ṣé wọ́n ń sùn ni?"

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọkọ mi ni. Ìbẹ̀rù mú mi pé ó ti wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fẹsẹ̀ méjèèjì dí i, bí ìgbà tó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ dábùú títì.

"Ẹ pè wọ́n, sà," ó ní.

Rúlà pè wọ́n. Ó pẹ́ lórí fóònù. Mo gbọ́ tó ní, "Ìyá ọmọ náà wà níwájú mi." Ó tún ní, "Rárá, kò lọ. Bàbá náà kò lọ."

Wọ́n gbà.

Ní àárọ̀ tí wọ́n máa fún un, nọ́ọ̀sì mú àlùmọ́gàjí, ó gé báǹdì yẹ́lò tí wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ inú ìwádìí.

"Ṣé wọ́n lé mi ni?" Lọ́yà bi mí.

"Àwa la já wọn sílẹ̀."

Mo mú báǹdì náà kúrò nínú àwo nọ́ọ̀sì, mo jù ú sínú agolo abẹ́rẹ́ ìránṣọ mi. Ọmọ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn, tí á ti rẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ náà. Bí ìyá rẹ̀ bá béèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí, wọn á ní àwọn ò rí i rí, torí wọn ò ka Lọ́yà. Inú mi kò tíì rọ̀ lórí ìyẹn. Kò sì ní rọ̀.

Báàgì náà kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ kan gbà á. Èéfín òtútù ń rú lára rẹ̀. Bó ṣe ń wọ ọmọ lára, gbogbo yàrá ń rùn bí àgbàdo sísè. Wọ́n ní oògùn tí wọ́n fi pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà mọ́ ló ń rùn bẹ́ẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀ náà nìyí?" ọkọ mi ní.

"Bàámi, ẹ má dójú tì wọ́n," Lọ́yà ní. Ó wo ọ̀pá rọ́bà tó ń kán sí i lára. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ má tún dán an wò."

Ibà kọ́kọ́ kọ̀, kò dé. Nígbà tó dé, ó dé bí iná. Dókítà sáré wá, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ẹ̀rù ń bà á, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ní ibà yẹn fi hàn pé nǹkan kan ń jà níbẹ̀. Ó ní òun ò lè ṣèlérí. Lọ́tẹ̀ yìí ó sọ ọ́ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

Mo jáde lọ pọn omi tútù. Rúlà ń bọ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúró.

"Màmá, ara ọmọ ńkọ́?"

Mo wò ó dáadáa. "Ṣé ẹ ti fẹ́ máa kà á ni?"

Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn Lọ́yà, ó ti há, àmọ́ ẹjọ́ ló ń rò. Nọ́ọ̀sì ní kó sọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé orí rẹ̀ ṣì pé.

"Ẹ kọ́kọ́ sọ tiyín," ó ní.