Ohun Tí Màmá Kò Sọ

Nígbà tó fi máa di ọdún kẹrin tí ẹ̀gbẹ́ òsì ìyá ọkọ rẹ̀ ti kú, Ṣìkẹ́mi kò ka ọjọ́ mọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ ní Awoye, abúlé wọn tó wà lórí omi létí òkun, yóò bu omi òjò nínú àgbá, yóò gbé e kaná, yóò sì wọlé tọ Màmá lọ. Yóò nù ún láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Yóò yí i síhìn-ín, yóò yí i sọ́hùn-ún, yóò fi òróró àgbọn ra á lẹ́yìn, yóò pààrọ̀ aṣọ tó tọ̀ sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó lọ máa dáná sí ìdí ẹja tó ń yan tà.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ṣìkẹ́mi. Màmá Olówòkéré sanra ní tirẹ̀, àìsàn kò sì mú kí ó fọn. Ẹ̀yìn kì í yé dun Ṣìkẹ́mi.

Àìsàn náà kò mú ẹnu Màmá. Ohùn rẹ̀ ṣì dá ṣáká. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀, Ṣìkẹ́mi gbé ọwọ́ lé e lórí lọ́jọ́ kan, ó sì gbàdúrà sókè ní orúkọ Jésù. Màmá di ẹnu pa fún ọjọ́ méjì gbáko, kò jẹ púpurú, kò mu omi. Ní ọjọ́ kẹta ló tó sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó, wẹ̀ mí, fún mi lóúnjẹ, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n má gbàdúrà lé mi lórí mọ́. Omi yìí ni àwọn baba mi sìn, òun ni mo mọ̀. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"Ṣèlérí fún mi."

Ṣìkẹ́mi ṣèlérí. Láti ọjọ́ náà, ìdí ẹja ló ti ń gbàdúrà fún un, nínú èéfín, láì la ẹnu.

Godwin ọkọ rẹ̀ kò sin omi, kò sì sin Ọlọ́run. Ilé ìwé ló fún un ní orúkọ Godwin. Lẹ́yìn tí òkun gba ilé méjì tó kọ́, ó ní òun kò ní bẹ ẹnikẹ́ni mọ́, ì báà jẹ́ ti òkè, ì báà jẹ́ ti ìsàlẹ̀. Kì í dí ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ àtilọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kàn máa ń wò ó bí ẹni ń wo èèyàn tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ ti ya.

Jọọlá, ẹ̀gbọ́n Godwin obìnrin, ń ta aṣọ ní Ode Ugbo. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wọ ọkọ̀ wá wo ìyá rẹ̀. Bó bá dé, ẹnu ọ̀nà yàrá ni yóò dúró sí, yóò fi ìborùn bo imú.

"Ìyàwó onígbàgbọ́, ẹ kú iṣẹ́ o," ni yóò wí. "Ẹ ti fún Màmá lórúkọ nínú Bíbélì àbí ó ku díẹ̀?"

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n," ni Ṣìkẹ́mi yóò fi dá a lóhùn, yóò sì gbé ike ìtọ̀ kọjá níwájú rẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ara kò tù ú. Ilé pákó onípáànù kan ni, ó dúró lórí òpó nínú omi bí ilé gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ Ìsinmi tó bá ráyè dé ibẹ̀, ìwàásù a ti dé ìdajì. Àwọn obìnrin a rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nítorí òórùn aṣọ rẹ̀. Ajíhìnrere Promise, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọ rán sí wọn láti ìgboro, a sì dá a dúró lẹ́yìn ìsìn.

"Sístà Ṣìkẹ́mi, ọdún mẹ́rin! Ọkàn kan ṣoṣo nínú ilé yín, ẹ kò tíì jèrè rẹ̀?"

"Ó ní kí n má gbàdúrà lé òun lórí, sà."

"Ẹ sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu?"

"Mo ti ṣèlérí fún un."

Promise a mi orí. Ṣìkẹ́mi a wọ ọkọ̀ rẹ̀, a wà á lọ sílé díẹ̀díẹ̀, nítorí apá rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Ní oṣù keje, òjò rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan láì dá. Oúnjẹ kò fẹ́ gba ọ̀fun Màmá kọjá mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí Ṣìkẹ́mi ti ń fi òróró ra á lẹ́yìn, Màmá pè é.

"Ṣìkẹ́mi."

Ọwọ́ Ṣìkẹ́mi dúró. Ìyàwó ni Màmá máa ń pè é, kò pè é lórúkọ rí.

"Màmá."

"Ṣé torí kí n lè tẹ̀ lé ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lo ṣe ń ṣe gbogbo èyí?"

Ṣìkẹ́mi rò ó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù láti wá ọ̀rọ̀ dídùn kan sọ.

"Ní ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Nísinsìnyí ńkọ́?"

"N kò mọ̀ mọ́. Ẹ ṣáà gbọ́dọ̀ wẹ̀. Jésù ní ká máa ṣe irú rẹ̀, mo sì ń ṣe é. Lọ́jọ́ mìíràn, inú mi kì í dùn sí i rárá."

Màmá rẹ́rìn-ín, apá kan ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rín náà ti yọ.

"O kì í purọ́ fún mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè gbé ara mi lé ọ lọ́wọ́." Ó yí ojú sí i. "Ọlọ́run rẹ yẹn, ṣé ó ń rí ọ?"

"Mo gbà pé ó ń rí mi."

"Ó dára. Èmi náà ń rí ọ."

Ní Ọjọ́bọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí omi ń fà lábẹ́ ilé, Ṣìkẹ́mi ń fi ṣíbí fún un ní ògì. Màmá gbé àkọ́kọ́ mì, kò gbé èkejì mì. Ṣìkẹ́mi dúró títí, ó fi aṣọ nu ògì náà kúrò létè rẹ̀, ó sì lọ pe Godwin. Godwin jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí Ajíhìnrere Promise fi dé. Ó kí wọn, ó sì fa Ṣìkẹ́mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ṣé ó sọ ọ́ kí ó tó lọ? Ṣé ó gba Jésù?"

"Kò sọ ọ́, sà."

"Kò mi orí? Kò fi ọwọ́ ṣe àmì?"

"Ọwọ́ tó wà lọ́dọ̀ mi, òun ló ti kú."

Promise bo ojú fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó ṣí i, Ṣìkẹ́mi rí i pé ó ti rẹ òun náà.

"Sístà mi, ọdún kejì mi rèé níbí. N kò rí orúkọ ẹnìkan tó gba Jésù kọ ránṣẹ́ sí àwọn tó rán mi wá. Ẹ kàn sọ pé ó mi orí. Ìjọ yóò sin ín dáadáa, àwọn akọrin yóò wá, ọkàn gbogbo wa yóò balẹ̀. Ta ni yóò pa lára?"

Godwin gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó dìde wá.

"Ṣìkẹ́mi, sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni, jàre. Màmá kò mọ̀ mọ́. Ìwọ náà á sì rí ẹ̀rí jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ṣìkẹ́mi di òpó ilé mú. Ó mọ̀ pé bí òun bá mi orí báyìí, àwọn obìnrin ìjọ á yí òun ká, wọ́n á gbé oúnjẹ wá, wọ́n á pe òun ní akíkanjú.

"Kò sọ ọ́," ó ní. "Bí mo bá purọ́ mọ́ ọn lónìí tí kò lè dá mi lóhùn, kí ni mo wá ń ṣe lára rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin?"

Promise tẹjú mọ́ ilẹ̀. "Ìjọ kò ní lè bá yín sin ín, nígbà náà," ó ní, ó sì lọ.

Jọọlá dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó sunkún, ó nu ojú, ó sì gbé ìgò ọtí jáde nínú báàgì rẹ̀. Àṣà ilé wọn ni pé kí ìyàwó ilé kúnlẹ̀ létí omi, kí ó da ọtí sí i, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu fa òkú lé omi lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ sin ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, n kò ní lè ṣe èyí," ni Ṣìkẹ́mi wí.

Ariwo Jọọlá gba gbogbo ilé. "O kò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ sin ín, o kò sì fẹ́ kí àwa náà sin ín! Ta ni ọ́ gan-an?"

"N kò dí yín lọ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣe é, n ó dúró tì yín. Èmi ni n kò lè fi ọwọ́ mi dà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́."

Jọọlá gbé ìgò ọtí sílẹ̀, ó sì gbé abọ́ omi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin, ó wọ inú yàrá náà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣìkẹ́mi wẹ Màmá bó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Nígbà tó yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, Jọọlá tẹ̀ síwájú. Ó ti rí ẹni tó dùbúlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta péré tí egbò jẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dé egungun. Ó fi ìka tọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ láti èjìká dé ìbàdí. Awọ náà ń dán, ó jọ̀lọ̀.

"Kò sí egbò kankan," ó ní.

"Mo máa ń yí i ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Lóru náà?"

"Lóru náà."

Jọọlá gbé abọ́ sílẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó sì sunkún tí kò pariwo, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ìyá òun kú.

Jọọlá fúnra rẹ̀ ló kúnlẹ̀ da ọtí náà. Òjò ń rọ̀. Ṣìkẹ́mi dúró tì í, ó na agbòjò sí i lórí títí tó fi ṣe tán, òjò sì pa òun fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀ ẹbí ní Ode Ugbo ni wọ́n sin Màmá sí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nínú gbogbo ìjọ, Rejoice tó ń kọrin lẹ́gbẹ́ akọrin nìkan ló wá. Jọọlá sin àwọn Godwin dé èbúté.

"Ìyàwó, n kò ní wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín o."

"Ẹ kò sọ pé ẹ ó wá, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo kàn ń sọ ọ́ ni." Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Tí ẹ bá délé, lọ sinmi."

Ní ọjọ́ kejì tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, àkókò ìsìn dé, ó sì kọjá, Ṣìkẹ́mi kò jí. Lẹ́yìn ìsìn, Promise wa ọkọ̀ wá. Godwin wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tún àwọ̀n ṣe.

"Mo fẹ́ bá Sístà sọ̀rọ̀ díẹ̀," Promise ní.

"Ó ń sùn."

"Ẹ lè bá mi jí i, sà?"

"Rárá o, Ajíhìnrere. Ọdún mẹ́rin rèé tí kò sun oorun tó yó. Bí ẹ bá lè dúró, ẹ jókòó."

Promise bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sórí pákó. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Godwin na etí àwọ̀n kan sí i.

"Ẹ bá mi di ibí yìí mú," ó ní, "kí n lè rí ibi tó ya."