Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Ruqoyyah

"Ta ló mú oògùn Màmá?"

Ruqoyyah dúró láàárín pálọ̀, páálí òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti béèrè kó tó kírun Àìlà, ó tún ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀, ojú kan náà ló sì ń wò: Ameerah, ọmọ ọkọ rẹ̀. Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀, na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán sórí àpótí ìtìsẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Bàbá Ìgèdè, ìyẹn Mọ́nsúrù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó wá kí arúgbó náà, ń wo ilẹ̀.

"Ameerah, ìwọ ni mò ń bá wí."

"Ẹ ti dá mi lẹ́bi kẹ́ ẹ tó béèrè, Àńtí."

"Ẹ ò gbẹ́nu ẹ̀ bí!"

Oògùn ìrora náà le. Obìnrin tó tà á fún wọn l'Òkèṣà ti kìlọ̀: "Kì í ṣe ọmọ tó ń rákò ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù o. Èyí tó ti ga jù yín lọ ni. Wọ́n ń fi í yó." Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ruqoyyah ra àpótí irin àti àgádágodo, ó sì fi okùn so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ameerah ti fi orí kan ga jù ú. Ọmọ tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó ń gba ìpè lẹ́yìnkùlé, tó sùn lánàá láti ìgbà tó ti iléèwé dé títí ilẹ̀ fi ṣú. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Kí ló tún kù?

Ó fa báàgì iléèwé ọmọ náà, ó dà á sílẹ̀. Ìwé. Kóòmù. Èèpo súìtì. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ó ti gbé e mì ni," ó wí. "Bàbá Ìgèdè, ẹ mú un lọ, kó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín. Mi ò lè bá olè gbélé."

"Ìdánwò rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìdánwò wo? Ìdánwò oògùn?"

Bàbá Ìgèdè mí kanlẹ̀. "Lọ kó aṣọ rẹ, ọmọ mi. Ká wọkọ̀ kí òjò tó dé."

Ameerah kò sunkún. Màmá ló yíjú sí. Tẹ̀sùbáà dúró.

"Màmá, ẹ ò ní sọ fún wọn?"

"Kí ni kí n sọ?" Arúgbó náà kọjú sí fèrèsé. "Mọ́nsúrù ò tíì fẹnu kan nǹkan. Ruqoyyah, gbé orógbó fún ọkọ rẹ."

Pẹ̀lú ìbínú, Ruqoyyah gbé abọ́ gíláàsì orí tábìlì, abọ́ tó ti ń gbé síwájú gbogbo ẹni tó wá kí Màmá kú ewu. Ó kúnlẹ̀. Bàbá Ìgèdè nawọ́, ọwọ́ náà sì dúró lófuurufú.

"Kí ni funfun yìí?"

Láàárín àwọn orógbó ni àwọn hóró oògùn wà, bí àgbàdo tó dà sáàárín iṣu.

"Ṣé èmi nìkan lẹsẹ̀ ń dùn ni?" Màmá jágbe. "Kí ẹni tó ti Ìjan wá kí mi máa fi orúnkún ríro lọ, kí oògùn wà nílé mi? Ẹ sì ń há a fún mi bíi súìtì ọmọdé!"

Ruqoyyah rántí obìnrin ará Ìjan náà, bó ṣe ki ọwọ́ sínú abọ́ náà, tó di í pọ̀, tó ń ṣe ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

"Ṣùgbọ́n mo ti àpótí yẹn!" Ó fọwọ́ kan ọrùn. Kò sí okùn níbẹ̀.

Ameerah ti ń ṣa ìwé rẹ̀ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a ṣà á. Nígbà tó parí, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí bútà wà, ó yọ okùn kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn bútà náà. Ibẹ̀ ni Ruqoyyah máa ń gbé e kọ́ bó bá fẹ́ ṣàlùwàlá, kí omi má bàa kan án, ibẹ̀ náà ló sì máa ń gbàgbé rẹ̀ sí. Gbogbo ẹni tó ń wọlé, tó ń jáde ló ń kọjá lára rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló sì lè nà án sí Màmá.

Ameerah fi kọ́kọ́rọ́ náà sínú abọ́, lórí orógbó.

"Ó ti tó, má lọ mọ́," Bàbá Ìgèdè wí.

Ameerah wọ yàrá lọ. Ruqoyyah wà lórí ìkúnlẹ̀, abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń fa síìpù báàgì aṣọ.